Níbo Lẹ Ti Rí Akàn Yìí?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Akàn ò wọlé. Ìgèrè mẹ́ta tí mo dẹ sómi ṣófo, ìkẹrin ní akàn méjì tí kò tó nǹkan. Mo bú wọn, mo kó wọn sí garawa.

Mo dé etí omi, ọmọbìnrin kan dúró síbi tí mo máa ń so ọkọ̀ mi mọ́. Bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Nínú ẹrẹ̀! Ó ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó etíkun ló rán òun, òun fẹ́ ya máàpù ọ̀sà yìí. Mo ní yà á nígbà náà, ta ló dì ẹ́ lọ́wọ́ mú? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun nìkan ò lè yà á, gbogbo wa la máa yà á.

Àlàyé rẹ̀ gùn. Èyí tó dúró sí mi lórí nìyí. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹja sínú agolo ń da omi gbígbóná sí ọ̀sà. Hòtẹ́ẹ̀lì ń da ìdọ̀tí tiẹ̀. Èbúté ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé, ẹrẹ̀ ń rú káàkiri. Kálukú ń yẹ ibi tiẹ̀ wò lọ́dọọdún, kálukú ń sọ pé tòun kéré, tòun ò lè pa nǹkan kan. Kálukú wá ti ìwé tiẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ rí.

Mo ní ọmọ mi, kò sẹ́ni tó tọ̀ púpọ̀ sínú kànga rí. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn ń tọ̀ ọ́.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ yìí ò burú. Mo ti sọ ọ́ ní Alámáàpù.

Bó ṣe fẹ́ máa lọ ló wá yọjú wo garawa mi. "Màmá, níbo lẹ ti rí akàn yìí?"

Mo ní Ẹ̀yìn Irin ni.

Ohun tí à ń dáhùn nìyẹn. Ẹni bá ní ẹ kú iṣẹ́, a ní ẹ ṣé. Ẹni bá ní níbo lẹ ti rí i, a ní Ẹ̀yìn Irin. Irin ọ̀hún, ọkọ̀ ńlá ayé àtijọ́ tó rì sí ibi tí omi ilé-iṣẹ́ ẹja ń gbà jáde ni, ó ń dípẹtà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti dáyé. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹyẹ gan-an kì í bà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n apẹja wo ló máa ń sọ ibi tó ti ń rí oúnjẹ ẹ̀? Wọ́n á ní àná ni wọ́n bí i.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn ọ́fíìsì wọn. Àga oníke, fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n tẹ́ ìwé ńlá kan bo tábìlì, wọ́n ní ọ̀sà wa nìyẹn. Láti òkè ni wọ́n ti yà á, bí ẹni pé ẹyẹ ló yà á. Mi ò mọ orí ẹ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Mo mi orí ṣáá.

Ará Èbúté mú ìwé tiẹ̀ wá. Hòtẹ́ẹ̀lì rán akọ̀wé wá. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹja — Onítáì, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kì í bọ́ táì yẹn kódà bí oòrùn bá ń pa á kú — òun di ìwé tiẹ̀ mọ́ àyà bí abiyamọ tó gbọ́ pé gbọ́mọgbọ́mọ wà nítòsí. Alámáàpù fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó wá kan àwa apẹja. Bébà pupa róbótó kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kálukú lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti ń rí akàn. Alága wa ló kọ́kọ́ dìde. Wúkọ́ là ń pè é, torí bí irọ́ bá fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, ikọ́ ló máa ń ṣáájú. Ó wúkọ́. Ó lẹ tiẹ̀ mọ́ Ẹ̀yìn Irin. Àbúrò mi, Jẹ́jẹ́, lẹ tiẹ̀ mọ́ Ẹ̀yìn Irin. Èmi náà. Nígbà tí gbogbo wa fi ṣe tán, ibẹ̀ ti pupa bí ojú ọmọ tó ní ìgbóná.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá. Jẹ́jẹ́ di ọgbà onílé mú kó má baà ṣubú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ máa wá akàn lẹ́yìn ìpẹtà."

Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn báyẹn.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Akàn mẹ́ta. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Èmi àti Jẹ́jẹ́ jà torí garawa. Tèmi ni bùlúù, tiẹ̀ ni bùlúù tó ṣẹ́ etí. Ó gbé tèmi. Ó ní òun ò gbé e. Ilé kan náà là ń gbé látìgbà tí àwọn ọkọ wa ti kú, yàrá mi rèé, yàrá tiẹ̀ rèé, ilé ìdáná kan ló wà láàárín. A mọ iye ìgbà tí ẹnì kejì ń sín lálẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ti ń rí akàn. Òun náà ò mọ tèmi. Èmi máa ń jáde ní ìdájí nígbà tí omi bá ń fà, òun máa ń jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí omi bá ń kún. Ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni.

Ibi tèmi, Kọ̀rọ̀ ni mo ń pè é. Màmá wa ló mú mi débẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, èmi nìkan, lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ ń ṣòjòjò. Apá omi tóóró ni, igi ta gbòǹgbò sínú omi lọ́tùn-ún lósì, èèyàn á rò pé ògiri ni títí á fi dé ẹnu ẹ̀. Màmá ní, "Má sọ fún ẹ̀dá alààyè. Má sọ fún àbúrò ẹ pàápàá."

Mi ò sọ. Ọkọ mi kú, kò mọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ìgèrè kan á wúwo débi pé ọkọ̀ á fẹ́ dojú dé. Ẹ wá wo báyìí. Omi gbígbóná Onítáì ni. Ta tún ni?

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Mo tẹ bírò débi pé ìwé ya. Ìbínú ni.

Mo dé ẹnu Kọ̀rọ̀ láàárọ̀, igi mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀, aṣọ pupa lórí wọn. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ará Èbúté àti ẹnì kan tó ń fi okùn wọn ìsàlẹ̀ omi. Nínú Kọ̀rọ̀ mi! Mo díbọ́n bí ẹni tó ṣìnà. Mo ní kí lẹ̀ ń ṣe níbí, ẹ̀yin ọmọ yìí?

"Ibí la máa da ẹrẹ̀ tá a bá gbẹ́ sí, màmá."

Mo ní ta ló fún yín láṣẹ?

"Máàpù ni. Kò sí nǹkan kan níbí. Kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dàrú. "Ẹ̀yin apẹja náà ni, màmá."

Mi ò lè gbé ìgèrè sókè lójú wọn. Mo tukọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Jẹ́jẹ́ ní kí ló ṣe mí. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ wo?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Mo lọ bá Alámáàpù. Àjà kẹta ni wọ́n fi ọ́fíìsì ẹ̀ sí, bí ẹni pé àwọn àgbààgbà ò ní orúnkún. Ife tíì tútù mẹ́ta lórí tábìlì, òdòdó kan tó ti kú nínú ìkòkò. Ó rí mi, ó fò dìde. "Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

Iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí gbogbo ìwé náà máa wà lójú kan. Omi gbígbóná nìkan, akàn lè fara dà á. Ìdọ̀tí hòtẹ́ẹ̀lì nìkan, ó lè fara dà á. Ẹrẹ̀ èbúté nìkan, bákan náà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀yìn Irin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ẹrù náà ti pọ̀ jù fún ibẹ̀. Ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo apẹja ti ń jẹun! Torí náà wọ́n ti ṣòfin: kò sí ẹrẹ̀ tó gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò lò ni kí èbúté máa dà á sí. Ó fi ìka kàn án. Èmi tí mi ò mọ máàpù kà, mo mọ ibi tó fi ìka kàn.

"Torí yín ni, màmá. A fẹ́ dáàbò bo oúnjẹ yín."

Kò tíì tán o. Ó ní ohun kan ń ya òun lẹ́nu, bí akàn ṣe ń yè nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Onítáì ti kọ lẹ́tà wá. Ó ní bí gbogbo apẹja bá ń rí akàn níbi tí omi òun ń gbà jáde, a jẹ́ pé omi òun ń ṣe akàn lóore nìyẹn. Ó ní kí wọ́n gba òun láyè láti dà á sí i.

Akàn tí kò sí níbẹ̀ ló ń gbèjà Onítáì. Àwa la bá a gbẹjọ́rò.

Mo ní ẹ má da ẹrẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ dà á sí.

Ó ní kí ló dé, màmá?

Mo ní mo ní kẹ́ ẹ má dà á síbẹ̀ ni.

Ó ní màmá, ẹ fún mi ní ìdí kan tí mo lè fi sórí máàpù.

Mo wo òdòdó tó kú yẹn. Mo ní, "Máa bomi rin nǹkan yìí," mo sì jáde.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹfà

Mo lọ bá Wúkọ́ nílé. Mo mọ̀ ọ́n látìgbà tí kò lè so ṣòkòtò ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò lè fi ipò alága dẹ́rù bà mí. Mo ní kó lọ sọ ní ọ́fíìsì pé ẹgbẹ́ apẹja ò fẹ́ ẹrẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ó wúkọ́. Ó ní òun náà ò fẹ́ ẹ.

Mo ní kí ló dé tí ìwọ ò fi fẹ́ ẹ?

Ó ní, "Kò kàn wù mí ni, màmá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní kò kàn wu èmi náà.

Ó tún wúkọ́. Ìyàwó ẹ̀ gbé omi wá fún un. Ó ní gbogbo apẹja tó ti wá bá òun láti àná ló ní kò kàn wu àwọn. Mo dìde ńlẹ̀. Odidi ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè mú ìdí kan wá! Ẹgbẹ́ àwọn odi.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Jẹ́jẹ́ ò jẹun. Ó po tíì, kò mu ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni wọ́n máa da ẹrẹ̀ yẹn?" Mo ní wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó mà burú o." Mo ní ó burú. A jókòó. Tíì náà tutù. Kí ló kàn án níbẹ̀ gan-an? Àánú ló pọ̀ jù lára ẹ̀, látìgbà tá a ti wà léwe.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Ọkọ̀ tó máa gbẹ́ ẹrẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí èbúté. Ó ga ju ilé ìjọsìn lọ.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ máa dé Kọ̀rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹrẹ̀ á bò ó. Níbo ni kí n wá gbà? Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ. Ẹ ò sọ ohun tí màá ṣe bí ìjọba bá dé.

Mo lọ aṣọ ìpàdé mi. Ó ti fún mi láyà. Ṣé aṣọ náà fẹ́ máa bá mi jà báyìí?

Màá sọ ọ́. Kí n má tún ronú nípa ẹ̀ mọ́.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ gẹ́lẹ́.

Gbọ̀ngàn kún. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi ẹ̀rọ kan tan máàpù náà sára ògiri, ó tóbi bí ilé. Onítáì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó pè wá ní "àwọn ìyá mi àti bàbá mi," ó ní ẹ̀rí wà lára ògiri pé òun àti akàn ń gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Ará Èbúté ní ọ̀la ni iṣẹ́ àwọn bẹ̀rẹ̀.

Mo dìde. Mo ní ẹ dákẹ́. Mo ní kò sí akàn ní Ẹ̀yìn Irin. Kò sí níbẹ̀ látìgbà tí àwọn ọmọ mi ti ń rákò. Irọ́ la pa. Ibi tí mo ti ń rí akàn ni ibi tẹ́ ẹ fẹ́ da ẹrẹ̀ sí yẹn. Mo rìn lọ síwájú, mo gbé ọwọ́ mi lé e lára ògiri. Iná ẹ̀rọ náà ń fọ́ mi lójú.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Onítáì bí ẹni fi aṣọ nù ún.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn mi ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń tẹ̀ lé mi!"

Jẹ́jẹ́ ni. Ẹni tí kì í pariwo. Ó ti dìde, ó na ìka sí mi. Ó ní mo ń ṣọ́ òun. Ó ní mo ti rí ibi òun, mo wá ń tà á fún ìjọba. Mo ní ibi ta ni? Ó ní ibi tòun! Mo ní orí ẹ dàrú, ìgbà wo lo dé Kọ̀rọ̀ mi rí? Ó ní ta ló ń jẹ́ Kọ̀rọ̀? Ó ní láti ẹ̀gbẹ́ òkun lèèyàn ń gbà wọ̀ ọ́. Mo ní irọ́ ni, láti ẹ̀gbẹ́ igi tó wó ni. A jà lójú àwọn oníṣẹ́ ìjọba bí ọmọdé tó ń du búrẹ́dì.

Wúkọ́ wá dìde. Kò wúkọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ibẹ̀ fún yín? Bàbá mi nìkan ló mọ ibẹ̀."

Ariwo bẹ́. Bàbá tèmi! Ìyá àgbà tèmi! Ẹnì kan ti fẹ́ yọ bàtà.

Alámáàpù ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé àga kan sí iwájú ògiri, ó pín bébà pupa míì fún wa. Ó ní kí kálukú wá lẹ̀ ẹ́ síbi òótọ́. A lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tá a fi jókòó, máàpù yẹn wá yé mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sà dà bí àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀, apá omi tóóró tóóró jáde lára ẹ̀ bí ìka. Èmi ń gba ìka kan wọlé, Jẹ́jẹ́ ń gba òmíràn, Wúkọ́ ń gba òmíràn. Igi ni kò jẹ́ ká rí ara wa. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni gbogbo wa ń bu nǹkan nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni akàn ń yé sí. Ibẹ̀ nìkan ló kù.

Alámáàpù bi wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìgèrè mélòó ni kálukú ń gbé síbẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé tèmi ò pọ̀.

Jẹ́jẹ́ ní tòun kéré. Wúkọ́ ní tòun ò tó nǹkan. Gbogbo ilé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Alámáàpù ń kọ ọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ṣeun. Onítáì ló rẹ́rìn-ín, ó ní a ti rí ẹni tó pa akàn nígbà náà. Mo ní ìwọ dákẹ́, tìrẹ ṣì wà lára ògiri níbẹ̀, kò sí akàn tó máa gbèjà ẹ mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò dùn mọ́ mi.

Ìpinnu: ẹrẹ̀ ò ní débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ẹja gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi ẹ̀ tutù kó tó dà á sí ọ̀sà. Àwa náà, a gbọ́wọ́ sókè fún un fúnra wa: láti Ọjọ́bọ̀ lọ, kò sí ìgèrè kankan níbẹ̀ títí àwọn ọmọ akàn á fi dàgbà. Ká lọ máa fi àwọ̀n pa ẹja kéékèèké lójú òkun títí dìgbà yẹn.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹfà

Jẹ́jẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Lọ́sàn-án ó gbé tíì wá, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń gbé òkúta. Ó ní, "Màmá ló mú mi lọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ síléèwé. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ̀dá alààyè."

Mo ní, "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pàápàá?"

Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ."

Obìnrin yẹn! Bó bá wà láyé màá bi í. Ó pín omi kan náà fún ọmọ méjì, ó fi ìbúra dí àwa méjèèjì lẹ́nu. Mo ní rò ó wò ná, gbogbo ọdún yìí, ká ní a jọ ń tukọ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, à bá ti pa ara wa." Òótọ́ ni.

Ó ní orí ń fọ́ òun, òun ò ní jáde lọ́la, òun á sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹfà

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí.

Mo jáde ní ìdájí láti kó ìgèrè mi kúrò bá a ṣe ṣàdéhùn. Mo mú ìwé yìí dání, torí mo fẹ́ kọ nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kí n kúkú sọ òótọ́, èmi àti ìwé nìkan la wà ńbí: mo gbé garawa náà dání. Mo ní kí n kó èyí tó ṣẹ́ kù. Ìgbà ìkẹyìn. Tèmi ò pọ̀ ṣáà.

Mo wọ Kọ̀rọ̀, mo gbà á kọjá lọ síwájú ju ibi tí mo máa ń dúró, mo ní kí n fojú ara mi rí àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Mo yọ sí gbangba.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn! Wúkọ́, nínú ọkọ̀ ẹ̀, àpò ńlá méjì. Àwọn tó gbọ́wọ́ sókè jù lọ lọ́jọ́ ìpàdé. Jẹ́jẹ́ tí orí ń fọ́, garawa tó ṣẹ́ etí láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Kálukú yọ láti ìka tiẹ̀, kálukú ti rò pé òun nìkan ló gbọ́n. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni.

Mo fa ìgèrè mi sókè lójú wọn. Akàn wà nínú ẹ̀, abo kan wà níbẹ̀ tí ẹyin kún ikùn ẹ̀. Mo wò ó títí. Èébú tí mo bú kò ṣeé kọ sínú ìwé. Mo da gbogbo wọn padà sómi. Mo fa òmíràn, mo dà á padà.

Wọ́n ń wò mí.

Mo wá yí ọkọ̀ mi, mo gbé e dábùú ẹnu Kọ̀rọ̀ níbi tí omi ti fún, níbi tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà jáde báyìí, torí omi ti fà kúrò nínú àwọn ìka yòókù. Mo jókòó. Mo mú ìwé yìí jáde àti bírò. Mo wo Wúkọ́ lójú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Wọ́n rò pé orúkọ wọn ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Wúkọ́ ti da àpò kan. Ó ń da èkejì. Jẹ́jẹ́ ń bú mi bó ṣe ń da tiẹ̀, mò ń gbọ́ ọ. Ó ku àwọn mẹ́ta tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Ìwé mi ṣì pọ̀. Mò ń kọ lọ.